Ìjọ wa fẹ́ dá ẹgbẹ́ Síkáòtù sílẹ̀ fún àwọn ọmọdékùnrin: ibo gan-an ni ìgbàgbọ́ ti ń wọ inú rẹ̀?

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi béèrè pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ìgbìmọ̀ ìjọ wa ti fẹnu kò pé kí a dá ẹgbẹ́ Síkáòtù sílẹ̀ fún àwọn ọmọdékùnrin wa tí wọ́n wà láàárín ọmọ ọdún 8 sí 11, èmi tí mo ń kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n sì ní kí n ṣe olórí wọn. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Àwọn àgbà kan ń sọ pé okùn títa ní kókó àti àgọ́ pípa kò kan ọkàn ọmọ rárá, pé bí a kò bá fi ìdajì ìpàdé kọ́ wọn ní ẹsẹ Bíbélì àkọ́sórí, eré lásán ni a ń fi owó ìjọ ṣe. Àwọn òbí kan ẹ̀wẹ̀, iye báàjì tí ọmọ wọn yóò rán mọ́ apá aṣọ nìkan ni wọ́n ń bi mí.

Èmi fúnra mi ti rí ọmọ tí ó mọ ogójì ẹsẹ Bíbélì lórí, tí ó sì ń jí pẹ́ńsùlù ẹnìkejì rẹ̀. Nítorí náà, n kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi kan náà ni a kàn wọ yunifọ́ọ̀mù fún. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, kí ni kí n máa ṣe ní ìpàdé, kí sì ni kí n fi sílẹ̀?

Olórí Àgọ́ fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Olùkọ́. Awuyewuye tí àwọn àgbà yín ń ṣe kì í ṣe tuntun. Irú rẹ̀ gan-an ni ó bí ẹgbẹ́ báyìí. Ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí ń jẹ́ William Alexander Smith, tí àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń ṣe iṣẹ́ ológun afínnúfíndọ̀ ní àfikún sí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ó sì kíyè sí i pé ètò àti ìgbọràn tí òun ń rí lórí pápá ìyíde ni kò sí nínú kíláàsì òun. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1883, ó dá ẹgbẹ́ Boys' Brigade sílẹ̀, ó sì fi ìdákọ̀ró ṣe àmì rẹ̀, láti inú Hébérù 6:19 tí ó fi ìrètí wé ìdákọ̀ró ọkàn. Nígbà tí Baden-Powell, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dá Síkáòtù sílẹ̀, wá pa àgọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1907 pẹ̀lú nǹkan bí ogún ọmọkùnrin, àwọn ọmọ Boys' Brigade wà lára wọn, ó sì da àwọn àti àwọn ọmọ ilé-ìwé olówó pọ̀ nínú ọ̀wọ́ mẹ́rin. Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá ní okùn àti àgọ́ kò bá ti ìjọ mu, ẹ sọ fún wọn pé olùkọ́ ọjọ́ Ìsinmi bíi tiyín ni ó kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀kọ́ tí a bá gba etí nìkan kọ́ ọmọkùnrin kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ní ti ibi tí ìgbàgbọ́ ti ń wọlé, n ó sọ ohun tí ó ṣojú mi. Ọmọ ọdún 9 kan mú ìwé ìdánwò báàjì rẹ̀ wá, bàbá rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i pé ó mọ kókó tí a fi ń di ẹrù, èyí tí a máa ń kọ́ wọn pé kí ọ̀tún gun òsì, lẹ́yìn náà kí òsì gun ọ̀tún. N kò wí nǹkan kan. Mo na okùn sí i, mo ní kí ó bá mi di ìdì igi ìdáná tí ó wà nílẹ̀. Ó fi ọ̀tún gun òsì, ó tún fi ọ̀tún gun òsì. Bí ó ti gbé ìdì náà dé àyà báyìí ni kókó yọ̀, gbogbo igi sì fọ́n ká sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wò wọ́n, wọ́n dákẹ́. Ọmọ náà kò wo igi, ìwé tí ó wà lọ́wọ́ mi ni ó ń wò. Ó ní, «Ọ̀gá, bàbá mi ló ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé àwọn á fọwọ́ sí i.» Mo dá ìwé náà padà fún un, mo ní kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó mú un wá ní ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà pé òótọ́ ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ó fi wá tí kò mú un jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó di igi náà, ó gbé e, ó mì ín jìgìjìgì, kò tú, ni ó bá na ìwé sí mi.

Ní ìparí ìpàdé ọjọ́ náà ni a ka ibi tí Sáàmù 51 ti sọ pé Ọlọ́run ń fẹ́ òtítọ́ ní inú. N kò ṣe àlàyé kankan lé e. Bí ó bá jẹ́ pé mo ti kà á kí igi tó fọ́n ká ni, àkọ́sórí ni ìbá jẹ́ fún wọn. Ẹ má yọ ẹsẹ Bíbélì kúrò o, Olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó máa tẹ̀lé ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún pín wọn sí ọ̀wọ́ ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà, bí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1916 tí Baden-Powell ti dá ẹ̀ka àwọn kékeré sílẹ̀ fún àwọn àbúrò tí kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn sinmi, kí ọmọ kan sì máa darí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Yóò ṣì wọn ṣe. Ẹ fara dà á.

Ìyá Ọkùnrin Mẹ́ta fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Olórí Àgọ́. Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú kókó àti ẹsẹ Bíbélì, n kò sì rí ẹni tí ó mẹ́nu bà á. Kò gbọdọ̀ sí ìgbà kankan tí àgbàlagbà kan ṣoṣo yóò wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Kí àgbàlagbà má dín ní méjì ní ìpàdé àti ní àgọ́, kí ibi tí àgbà ń sùn yàtọ̀ sí ti ọmọ, kí ó má sì sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín olórí àti ọmọ tí òbí kò gbọdọ̀ gbọ́. Nínú ìjọ kan tí mo wà tẹ́lẹ̀, nígbà tí mo béèrè ìdí tí ẹnì kan ṣoṣo fi ń kó àwọn ọmọ lọ sí àgọ́, èsì tí wọ́n fún mi ni pé ṣé n kò fọkàn tán ènìyàn Ọlọ́run ni. Mo kó àwọn ọmọ mi kúrò. N kò ní ẹ̀rí kankan sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí nítorí òfin tí ó ń dáàbò bo ọmọ àti òun alára, n kò mọ bí n óò ṣe fi ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ohun kejì kéré sí èyí: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbàdúrà fúnra wọn. Èyí àárín nínú àwọn ọmọ mi, tí ó máa ń sùn lọ bí a bá ń gbàdúrà nílé, ni wọ́n yàn lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́bàá iná àgọ́. Gbogbo àdúrà rẹ̀ kò ju, «Olúwa, a dúpẹ́ tí òjò kò rọ̀, jọ̀wọ́ wo ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi tí ẹ̀gún gún sàn.» Wọ́n ní olórí wọn fẹ́ fi kún un, ó sì kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ fèsì pé:

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fà wá sẹ́yìn díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn gba ètò Síkáòtù wọlé ní ọdún 1913, wọ́n sì fi í tọ́ àwọn ọmọkùnrin wọn fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kí wọ́n tó fòpin sí àjọṣe náà ní ìparí ọdún 2019, tí wọ́n sì gbé ètò tiwọn kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ káríayé. N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni bí ohun tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè parí lọ́jọ́ kan, mo sì ń bi ara mi pé ọmọ tí gbogbo ìgbàgbọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ aṣọ àti báàjì, kí ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹ máa ka oore ojoojúmọ́ tí a ní kí Síkáòtù máa ṣe. Ọmọ tí ẹ bá ń fún ní àmì nítorí àánú yóò kọ́ láti máa ṣàánú níbi tí ojú yín ti ń tó o. Ẹ bi wọ́n léèrè bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí ọmọ tí òbí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìjọ yín bá sì wá, ẹ ka ẹ̀jẹ́ tí ọmọ máa ń jẹ́ kí ó tó di Síkáòtù fún òbí rẹ̀ kí ọmọ tó jẹ́ ẹ, nítorí ojúṣe sí Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Òfin kejìlá àwọn Síkáòtù Amẹ́ríkà, èyí tí ó ní kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run, ni ó tún ní kí ó bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀. N óò padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ láti béèrè fún igbákejì méjì kí a tó dá ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́. Ìyá Ọkùnrin Mẹ́ta, ọ̀rọ̀ yín ni n óò fi ṣáájú. Ṣùgbọ́n Olórí Àgọ́, ẹ kò sọ ohun tí ẹ ṣe fún bàbá tí ó fọwọ́ sí ìwé. Irú wọn ni mo ní jù.

Olórí Àgọ́ fèsì pé:

Mo lọ bá a nílé, kì í ṣe níwájú ọmọ. Inú bí i. Ó ní mo dójú ti òun, pé ta ni kókó okùn pa. Mo gbà pé bí mo ṣe gbé okùn jáde níwájú àwọn ọmọ yòókù kò dára tó, mo sì tọrọ àforíjì lórí ìyẹn nìkan. Ó tó oṣù kan kí ó tó máa kí mi dáadáa. Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí òbí mú ìwé náà lọ sílé mọ́: ọmọ yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níwájú òbí àti olórí, ọmọ ni yóò sì kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí i pé òun ṣe é, kí àwa àgbà tó fọwọ́ sí i lẹ́yìn rẹ̀.