Wáyà ya ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin wa, ẹran pupa ti ń hù kọjá awọ, ṣé ká máa wò ó bẹ́ẹ̀ ni?

ỌmọBalógun_IJB

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sin ẹṣin. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn torí ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi. Akọ ẹṣin pupa kan wà nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, òun ni bàbá wa máa ń gùn jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Wọ́n dà á síta kó lọ jẹko, ló bá ki ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún bọ inú wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí ẹnì kan fi yí ilẹ̀ ẹ̀ ká, ó ń fà, wáyà náà ń fà, kí Màlámù tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀ tó rí nǹkan gé wáyà yẹn, ó ti bó awọ látabẹ́ oríkèé ẹ̀yìn tó yọ gọngọ yẹn títí wá sísàlẹ̀, mo fojú ara mi rí eegun.

Dókítà ẹran dé lọ́jọ́ náà gan-an. Ó fọ̀ ọ́, ó gún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti pẹnisílìnì, ó fún wa ní oògùn ìrora, ó rán apá òkè. Ó ní ìsàlẹ̀ ò ṣeé rán torí awọ tó kù ò lè kárí, pé àfi kó máa jiná láti inú wá. Apá òkè ti san. Ìsàlẹ̀ yìí ló kù, ó ti lé lóṣù kan, ẹran pupa ti hù síbẹ̀, ó yọ síta ródóródó bíi tòmátò tó bẹ́, tọ́wọ́ bá kàn án pẹ́nrẹ́n ẹ̀jẹ̀ á máa dà, ẹṣin náà ò sì tiẹ̀ mira.

Dókítà ti rìnrìn àjò, àwọn alámọ̀ràn wá pọ̀ ju ẹṣin lọ. Ẹnì kan ní ká da omi bátìrì sí i, ẹnì kan ní kán-ún, ẹlòmíì ní èńjínì ọ́ìlì dúdú, Màlámù ní níbi tí wọ́n ti bí òun irin gbígbóná ni wọ́n fi ń jó o. Bàbá ní tiwọn kàn ń bi mí lójoojúmọ́ ṣé á lè jáde tó bá di Iléyá. Ẹran yìí ńkọ́, ṣé ká fi sílẹ̀? Ṣé kó máa rìn àbí kó dúró sójú kan? Látìgbà tá a ti tì í mọ́lé ó ti ń ta ògiri nípàá.

DókítàẸran_Ìbàdàn

Ẹ kú wàhálà. Ẹ kọ́kọ́ gbé omi bátìrì yẹn jìnnà sí ẹṣin, àti kán-ún, àti ọ́ìlì. Ẹ wo etí ọgbẹ́ yẹn dáadáa, ẹ máa rí awọ tuntun kan tó fẹ́lẹ́, tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń rá bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Òun ló máa bo egbò yẹn. Gbogbo nǹkan tó ń jóni tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dà sí i, awọ yẹn ló máa kọ́kọ́ pa, ẹran tẹ́ ẹ fẹ́ pa á sì tún hù pa dà.

Ẹran yẹn fúnra ẹ̀ kì í ṣe àrùn. Ara ló ń dí ihò, ó kàn ń ṣe é láṣejù ni. Látabẹ́ oríkèé yẹn sísàlẹ̀, ẹṣin ò lẹ́ran níbẹ̀, awọ, iṣan, eegun, ó tán. Ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ ò pọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìrìn ti ń fa awọ síwá sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí ọgbẹ́ àyà tàbí itan tó fẹ̀ ju èyí lọ fi máa ń tètè jiná tí tìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ á máa fi oṣù ṣeré. Awọ tuntun níbẹ̀ ò lè rìn tó mílímítà kan lójúmọ́. Tí ẹran bá ti wá ga ju etí awọ lọ, awọ ò lè gùn ún, ọgbẹ́ á dúró sójú kan. Ẹran ọ̀hún ò ní iṣan tó ń mọ ìrora, ìyẹn ni ò jẹ́ kó mira, àmọ́ ojú ẹ̀jẹ̀ ló kún inú ẹ̀.

Nǹkan tí à ń ṣe ni pé a máa fún ẹṣin lóògùn tó ń mú un tòògbé lórí ìdúró, a ó fi abẹ fá ẹran yẹn títí á fi bá awọ dọ́gba tàbí kó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ìsàlẹ̀ la ti ń fá lọ sókè kí ẹ̀jẹ̀ má bo ojú ibi tá a kàn, lẹ́yìn náà báńdéèjì tó fún díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á dà gan-an, ẹni tí ò bá rí i rí á rò pé ẹṣin ń kú lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ ìfárí gbìyànjú ẹ̀ nílé torí iṣan tó gbé ẹsẹ̀ ró wà nítòsí ibẹ̀ gan-an. Tójú ọgbẹ́ bá fẹ̀ jù, a lè bu awọ kéékèèké lábẹ́ irun ọrùn ẹ̀ ká fi gbìn ín sójú ọgbẹ́, a sì máa ń rọ́wọ́ mú níbẹ̀.

Ẹ wá dá mi lóhùn. Ṣé ó ń tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa? Ṣé omi kan tó pọ́n, tó ń fà yọ̀ọ̀, ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé? Ṣé ihò kankan wà láàárín ẹran yẹn tó ń sun ọ̀yún tí ò dáwọ́ dúró? Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ rí eegun, ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Tí eegun bá ṣí sílẹ̀ tí awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó bá ya, pẹlẹbẹ kan lára ẹ̀ lè kú, ara á máa tì í síta, bẹ́ ẹ bá sì fá ẹran nígbà ọgọ́rùn-ún, ọgbẹ́ ò ní pa ojú dé tí ègé eegun yẹn bá wà ńbẹ̀.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì: ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gún un. Nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn, ẹṣin ni tẹ́tánọ́ọ̀sì ń tètè mú jù. Àmọ́ abẹ́rẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lára, ẹ bi dókítà yín bóyá ó fi èyí tó ń pẹ́ kún un, torí ìyẹn fẹ́ àtúngún.

Jàgbà001

Ẹ má bínú o, ẹṣin tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti bàjẹ́, mo ṣe bí pípa ni wọ́n máa ń pa á? Owó tẹ́ ẹ máa ná yìí á ra òmíì.

ỌmọÌlọrin_Ẹlẹ́ṣin

@Jàgbà001 eegun ẹ̀ ò kán, awọ ló ya. Ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra nìyẹn. Ẹṣin tó ń fẹsẹ̀ mẹ́rin dúró, tó ń jẹun, ta ló ń pa ìyẹn.

Ọmọ Balógun, tèmi ò ju oúnjẹ àti eṣinṣin lọ, dókítà ti sọ ti abẹ. Ẹṣin tí ò ṣiṣẹ́, ẹ má fi oúnjẹ alágbára bọ́ ọ bí ìgbà tó ń sáré. Ẹ gé ọkà bàbà àti dúsà (èérí ọkà) kù gan-an, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ yọ ọkà kúrò pátápátá mi ò ní bá yín jà. Koríko gbígbẹ ni kó pọ̀, pẹ̀lú ewé ẹ̀pà gbígbẹ díẹ̀díẹ̀, kí koríko má tán níwájú ẹ̀ tọ̀sántòru, torí ẹṣin tí ò bá rí nǹkan jẹ ló ń ta ògiri. Omi tútù kó máa wà, iyọ̀ lílá kó máa wà. Kí Màlámù máa ka ìgbẹ́ ẹ̀ láràárọ̀. Ẹṣin tó ti ń rìn kiri tẹ́lẹ̀ tó wá dúró sójú kan, ìfun ẹ̀ máa ń lọ́ra, bí ìgbẹ́ bá kéré tó sì gbẹ, tó ń wo ẹ̀gbẹ́ ikùn ara ẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ họlẹ̀, inú rírun ti dé nìyẹn, ẹ má dúró dọjọ́ kejì.

Ẹ so ewúrẹ́ kan mọ́ ọn nínú ilé yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹṣin ò fẹ́ràn kó dá wà, ẹ gbìyànjú ẹ̀ ẹ ó rí i.

Ní ti eṣinṣin, nílẹ̀ olóoru wa yìí ìdin nìkan kọ́ ni wàhálà. Àwọn eṣinṣin kan ń gbé ọmọ aràn inú ẹṣin wá sójú egbò, ọgbẹ́ á máa yún un, á fẹ́ máa fi eyín họ ọ́, ẹ máa rí àwọn nǹkan wóróbo tó pọ́n bí ẹ bá wo inú ẹran yẹn. Oògùn aràn tó ń jẹ́ ivermectin ló ń pa á. Ẹ sọ fún dókítà kó wo ìyẹn náà, torí ó jọ ẹran àhùjù yẹn gan-an. Kẹ́ ẹ sì kó ìgbẹ́ jìnnà sílé ẹṣin.

Irin gbígbóná: mo mọ̀ pé Màlámù gbọ́n lọ́rọ̀ ẹṣin, àwọn ló kọ́ èmi náà, àmọ́ èyí rárá.

Akin_Newmarket

Ilé ẹṣin eré ìje ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú ọba níbí, báńdéèjì ni iṣẹ́ mi àárọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan tẹ́nì kankan ò tí ì fẹnu bà: ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn ńkọ́? Èyí tí ò ní nǹkan kan yẹn?

Ẹṣin kan wà ní Amẹ́ríkà, Barbaro, òun ló gba eré ìje Kentucky Derby ọdún 2006. Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, nínú eré Preakness, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún ẹ̀ fọ́. Wọ́n gbé e lọ sí New Bolton Center ti Yunifásítì Pennsylvania, wọ́n fi irin tò ó, gbogbo ayé ń gbàdúrà fún un. Ẹsẹ̀ tó fọ́ yẹn ń so pọ̀ o. Ẹsẹ̀ òsì tó ń gbé ìwúwo fún èkejì ni inú pátákò ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára eegun lóṣù Keje, nígbà tó yá tiwájú méjèèjì náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ikú tù ú lára ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2007. Tiyín ò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ lójoojúmọ́ kí Màlámù máa fọwọ́ kan pátákò ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù. Tó bá gbóná ju tàtẹ̀yìnwá lọ, tó bá ń gbé ìwúwo láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì ṣáá, ẹ pe dókítà. Ẹ di ẹsẹ̀ òsì náà ní báńdéèjì kó lè ràn án lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì tẹ́ èérún pákó tó nípọn sílẹ̀ fún un.

Dídì ẹ̀ báyìí: ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, omi tẹ́ ẹ sè tó ti tutù, líítà kan sí iyọ̀ ṣíbí tíì méjì tí ò kún ju bèbè lọ, ẹ fi síríǹjì ńlá máa ta á sí i. Aṣọ ọgbẹ́ tí kì í lẹ̀ mọ́ni ló ń kọ́kọ́ lọ, òwú tó nípọn lé e, kó dọ́gba yíká, lẹ́yìn náà ni kírépù, báńdéèjì tó ń fà yẹn. Kí yíyí kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú, kó má fún lójú kan kó dẹ̀ lójú kejì. Tí òwú ò bá nípọn, báńdéèjì á gé iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lọ́rùn ni, ọgbẹ́ kejì dé nìyẹn. Tó bá rin tàbí tó bá ń rùn, ẹ tú u lọ́jọ́ náà, tó bá gbẹ ó lè lo ọjọ́ méjì mẹ́ta.

ỌmọBalógun_IJB

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo pe Màlámù a jọ tú u wò. Ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, omi tó ń fà yẹn ò sí. Àmọ́ Dókítà, ihò tẹ́ ẹ sọ yẹn wà ńbẹ̀, kékeré báyìí, lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, ọ̀yún ń jáde tá a bá tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ara ẹ̀ 38.1 lórí tamọ́mítà. Ìdin ò sí. Ewúrẹ́ ti wọlé, bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

DókítàẸran_Ìbàdàn

38.1 dáa, láàárín 37.2 sí 38.3 la máa ń fẹ́ kó wà. Ihò yẹn ni ò dáa. Ẹ́síréè ló kù báyìí, ẹ má fá nǹkan kan kí wọ́n tó ya á. Tó bá jẹ́ eegun tó kú ni, wọ́n á yọ ọ́, ẹ sì máa rí i bí ọgbẹ́ ṣe máa yára lẹ́yìn ìyẹn. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, náà wà, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé Iléyá tó ń bọ̀ yìí, rárá o, wọn ò gbọ́dọ̀ gùn ún. Ibi tí ìbọn ti ń dún tí gbogbo ẹṣin ń jó, awọ tí ò ní ẹran lábẹ́ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ojú dé, á tún ya ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eegun, kí Màlámù máa mú un rìn lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìrìn yẹn ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ má wú.

ỌmọBalógun_IJB

Bàbá ti gbà, wọ́n ní àwọn á gun èyí dúdú, kí pupa sinmi. Ìbàdàn la fẹ́ gbé e lọ. Ọkọ̀ akẹ́ran tó ga la rí. Báwo la ṣe máa so ó tí ò fi ní ṣubú lé ẹsẹ̀ yẹn?

Akin_Newmarket

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló dùn ún, torí náà ẹ jẹ́ kó kọjú síbi tí mọ́tò kọjú sí. Tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, iwájú ni ìwúwo á lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò ní jìyà. Ká ní tiwájú ni, ẹ̀yìn ni kó kọjú sí. Ẹ má so orí ẹ̀ mọ́ irin pátápátá, orí àti ọrùn ló fi ń wá ìdúró, kí okùn dẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi pákó dá àyè fún un kó lè fara tì í lọ́tùn-ún lósì, ẹ tẹ́ nǹkan tí kì í yọ̀ sílẹ̀, ẹ di ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ọkọ̀ bá ga, ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ga kẹ́ ẹ fẹ̀yìn ọkọ̀ tì í kó lè rìn wọlé láì fò. Kẹ́ ẹ sì bẹ awakọ̀ kó rọra gba kọ́nà.

ỌmọÌlọrin_Ẹlẹ́ṣin

Ẹ gbé ewúrẹ́ yẹn dání.