Omi tí màlúù mi ń sá fún: mo ti rí ìdí rẹ̀

Ẹ kú àdúrótì o. Ìgbà ọyẹ́ ni mo bi yín bí mo ṣe lè fi ẹ̀rọ amúmigbóná sínú ọpọ́n irin tí màlúù mi fi ń mumi níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ń sá fún omi láràárọ̀, mo sì rò pé òtútù ni.

Iná mànàmáná ló ń jò sínú omi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n kọ́kọ́ pe oníná, Ọlọ́run á bùkún yín. Nígbà tí oníná wọn iná tó wà láàárín ọpọ́n àti ilẹ̀, fóòtì 6 (ìwọ̀n agbára iná) ló rí. Wáyà pọ́ǹpù ti bó níbi tó ti fara kan irin. Èmi wọ bàtà rọ́bà, n ò mọ nǹkan kan lára. Màlúù dúró lórí ilẹ̀ tútù, fóòtì 3 péré ti tó láti gbọ̀n ọ́n lẹ́nu. Ká ní mo ti ki ẹ̀rọ amúmigbóná bọ inú rẹ̀ ni, bóyá ǹ bá ti pa wọ́n.

A pa iná ní bọ́ọ̀dù, a pààrọ̀ wáyà, a tì í sínú páìpù, a sì rì í mọ́lẹ̀ kí màlúù má baà jẹ ẹ́. A gbá ọ̀pá kọ́pà wọlẹ̀ fún áàtì (ọ̀nà tí iná tó bá jò máa gbà wọ ilẹ̀ lọ), a so ọpọ́n mọ́ ọn. A tún fi RCD mílíámpíà 30 sí i, tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ bó bá jò. Oṣooṣù ni n ó máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láti dán an wò.

Mi ò ra ẹ̀rọ amúmigbóná mọ́. Ibi tí omi ti ń di yìnyín, bíi Kánádà, ló ti wúlò. Láti Sátidé ni àwọn màlúù mi ti ń mumi àmuyó.