Àbúrò mi fẹ́ lọ ṣe sísìn kan lóko igbó nínú igbó ọba, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀gbọ́n_Ìbàdàn:
Ẹ kúulé o gbogbo ilé. Oorun ò kun ojú mi láti bí ọjọ́ mẹ́rin. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, ti gba fíríìdọ̀mù iṣẹ́ wẹ́dà láti ọdún tó kọjá àmọ́ kò tíì rówó ra ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀, ibi tó ń bá ọ̀gá ẹ̀ ṣe lébìrà náà ló ṣì wà. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹnìkan fẹ́ mú òun lọ sí kámpù kan nínú igbó ọba lọ́nà Ọ̀sẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, pé sísìn kan péré ni, láti ìgbà tí òjò bá ti mulẹ̀ títí ọyẹ́ á fi wọlé, pé ọ̀gá á máa bọ́ wọn, tí wọ́n bá ti kórè tán wọ́n á pín owó. Igbó tí wọ́n ń mu yẹn ni wọ́n fẹ́ gbìn, kò tiẹ̀ fi pa mọ́ fún mi. Ó ní "bọ̀dá mi, ewé ṣá ni, àwọn òyìnbó ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù báyìí".

Bàbá wa ti kú, màmá wa ò tíì gbọ́. Tí mo bá pariwo mọ́ ọn á kàn pa fóònù ni. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó mọ bó ṣe ń lọ níbẹ̀ sọ fún mi, kí n lè ní ọ̀rọ̀ gidi tí mo máa bá a sọ, torí "má lọ, má lọ" tí mò ń sọ látọjọ́ yìí ò wọ̀ ọ́ létí.

ará_ìhà_Ọ̀wọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrònú. Èmi lọ. 2016 ni, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ màá sọ ohun tí ojú mi rí torí ká ní ẹnìkan sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn mi ò bá má lọ.

Ọ̀kadà ló kọ́kọ́ gbé wa, ó tó wákàtí méjì, lẹ́yìn náà a wá fẹsẹ̀ rìn títí ilẹ̀ fi ṣú. Bá a ṣe débẹ̀ wọ́n gba fóònù gbogbo wa, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má baà tú àṣírí kámpù. Ilé tá à ń sùn, igi mẹ́rin ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n wá ta tapólì búlúù lé e lórí, tí òjò bá rọ̀ lóru ẹ máa dìde dúró ni torí omi á ti gba abẹ́ ẹní kọjá. Ìjàlọ lé wa kúrò nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá àbúrò yín sọ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìwé. Ìwé ásáìsì kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣojú ọ̀gá, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, orúkọ kálukú wa wà nínú ẹ̀. "Ọ̀gá á máa bọ́ yín" tí wọ́n sọ nílé yẹn, irọ́ ni, gbèsè ni. Kóńgò gàrí kan, wọ́n kọ ọ́. Bàtà òjò, wọ́n kọ ọ́. Àdá tí mo fi ń ṣiṣẹ́ fún wọn, wọ́n kọ ọ́ sórúkọ mi. Mo ṣàìsàn ibà nínú oṣù keje, oògùn ibà kan tí wọ́n gbé fún mi, iye tí wọ́n kọ sí i tó ìlọ́po mẹ́rin iye tí wọ́n ń tà á nígboro. Nígbà tá a fi máa kórè, gbèsè tó wà lọ́rùn mi ti ju ìdajì owó tí wọ́n ṣèlérí fún mi lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ ò lè bá wọn jiyàn, torí ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà jáde ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa, ọmọ dáadáa ni, ó máa ń kọrin tá a bá ń pọnmi. Paramọ́lẹ̀ bù ú jẹ lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. A fi aṣọ àti igi méjì ṣe nǹkan tá a fi gbé e, a gbé e láti àárọ̀ títí di alẹ́ ká tó kan ojú ọ̀nà, ọlọ́kadà àkọ́kọ́ ní òun ò gbé òkú. Kò kú, àmọ́ wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn. Ọ̀gá ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Nígbà tí àwọn NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, wá wàyí, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì ká kórè tán. Àwa tá a gbọ́ ìró ọ̀kadà tètè sá wọgbó, mo sùn sórí igi lóru yẹn. Wọ́n gé gbogbo ẹ̀ lulẹ̀ wọ́n sì dáná sun ún. Àwọn tí wọ́n mú ni ọmọkùnrin méjì àti ìyá tó ń se oúnjẹ, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀gá wà nígboro, ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko, owó ọkọ̀ tí mo fi padà sílé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló san án.

jókòó_ní_kóòtù:
Ọ̀rọ̀ òfin ni kí n fi kún un torí iṣẹ́ mi máa ń gbé mi dé kóòtù gíga ti ìjọba àpapọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ oògùn olóró máa ń lọ, kì í lọ sí májísíréètì, torí náà ọ̀rọ̀ "a ó bẹ DPO" tí àwọn ọmọ yìí máa ń fọkàn sí ò sí níbẹ̀ rárá. Òfin tó dá NDLEA sílẹ̀ ní 1989, abala 11 ẹ̀, kò ya ẹni tó gbìn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń kó o wọ̀lú, ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lóòótọ́ adájọ́ máa ń dájọ́ tó kéré sí i, pàápàá tí ẹni náà bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, àmọ́ ẹ bi ara yín, ta ló máa ń wà níwájú adájọ́? Lébìrà ni. Ẹni tí wọ́n bá lóko ni wọ́n máa bá lẹ́jọ́. Àwọn ọ̀dọ́mọdé tí mo ti rí tí wọn ò tiẹ̀ mọ orúkọ gidi ọ̀gá tó gbé wọn lọ pọ̀, "Alhaji" ṣá tàbí "Bàbá" ni wọ́n máa ń pè é, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún kóòtù?

Àwọn tó ń sọ pé ewé lásán ni, òfin ológun 1966 fi ikú sí i fún ẹni tó bá gbìn ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá yọ ikú kúrò.

Tádé_Àkúrẹ́:
Mo gbọ́ gbogbo yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ yẹn ya wèrè. Ó ń wo ayé. Lesotho ti ń fún ilé iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ láti gbìn ín fún oògùn láti 2017, Gánà níbí náà ti yí òfin tiwọn padà ní 2023 fún irú èyí tí kì í pani bí ọtí, ti oògùn àti ti ilé iṣẹ́. Gómìnà wa ní Oǹdó tó ti dolóògbé, Akérédolú, òun àti olórí NDLEA ìgbà yẹn jọ lọ sí Thailand ní 2019 nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Èmi gbà pé ó yẹ kí wọ́n fòfin ṣe é síbi tí àgbẹ̀ á ti máa sanwó orí, táwọn ọmọ wa ò ní máa sùn lábẹ́ tapólì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún un: gbogbo ibi tí mo dárúkọ yẹn, ìwé àṣẹ ni wọ́n ń gbà. Kò síbi tí wọ́n ti sọ pé kẹ́nì kan wọnú igbó ọba lóru. Marwa tó di olórí NDLEA ní 2021 sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé òun ò fara mọ́ ọn, àwọn ọmọ ẹ̀ ò sì yéé wọ igbó Oǹdó àti Ẹdó.

ọmọ_Fọ́rẹ́sìgáàdì:
Bàbá mi ṣọ́ igbó ọba fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí débi pé mo fẹ́ẹ̀ má lè kọ ọ́. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀wọ̀n, kò sẹ́ni tó sọ ti igbó fúnra ẹ̀. Wọn kì í gbìn ín sábẹ́ igi, oòrùn ló ń wá, torí náà igi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pa. Bàbá mi mú mi lọ wo ibì kan nígbà tí mo wà ní fásitì. Ìrókò kan wà níbẹ̀ tí èèyàn mẹ́rin ò lè dì mọ́, wọn ò lè gé e, wọ́n wá kó igi gbígbẹ jọ sí ìdí ẹ̀ wọ́n dáná sí i lójoojúmọ́ títí tó fi kú lóòró. Ó ṣì dúró, kò ní ewé kan, ara ẹ̀ dúdú títí dé ibi tí ọwọ́ mi ò tó. Ọ̀gànwó àti àrẹ̀rẹ̀ tó yí i ká ti lọ. Odò kékeré tí bàbá mi máa ń bu omi ẹ̀ mu ti di ẹrẹ̀, ike oògùn apakòkòrò ló kún inú ẹ̀.

Tí wọ́n bá sì ti dáná sun oko náà tán, igbó yẹn kì í padà. Àwọn míì ti máa ń dúró láti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Igbó ọba tí ìnàkí ṣì wà nínú ẹ̀ lápá Ìdànrè, mélòó ló kù fún wa?

ìyá_àwọn_wẹ́dà:
Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, èmi ń ṣe géètì àti búrígílárì ní Ọ̀ṣogbo, ọkọ mi ló dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kó tó ṣaláìsí. Mo ní ẹ̀rọ méjì, ọwọ́ kan ló wà nílẹ̀. Mi ò lè san owó ńlá, àmọ́ ìṣẹ́jú tó bá jó géètì tán ni mò ń sanwó, mi ò ní ìwé gbèsè. Tó bá lè jó igun kó má ṣe wọ́, kó wá.

Ẹ̀gbọ́n_Ìbàdàn:
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín o, mo sunkún nígbà tí mo ka èyí tí ará Ọ̀wọ̀ kọ. Mo pè é lálẹ́ àná. Mi ò mẹ́nu kan ẹ̀wọ̀n. Mo kàn ka ọ̀rọ̀ ìwé ásáìsì yẹn fún un, gàrí, bàtà òjò, àdá, oògùn ibà, bẹ́ ẹ ṣe tò ó gẹ́lẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ títí mo fi rò pé laìnì ti já. Mo wá sọ ti ìyá Ọ̀ṣogbo fún un, kò sọ pé òun á lọ, kò sọ pé òun ò ní í lọ. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni, "Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa gba fóònù mi?" Mo ní mi ò mọ̀, pé màá béèrè.

ará_ìhà_Ọ̀wọ̀:
Ọjọ́ tó bá débẹ̀ gan-an ni wọ́n máa gbà á. Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ ní kó pè mí lónìí, nígbà tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.