Airbrush: ọ̀dà ń ya kiri bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, ife rẹ̀ sì ń hó. Kí ló fà á?

Abẹ̀rẹ̀_Ìlọrin:

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ kú ọyẹ́ o. Airbrush (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà) tó wà lọ́wọ́ mi ni irú èyí tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún afẹ́fẹ́, tí a sì ń fà sẹ́yìn fún ọ̀dà. Ife rẹ̀ wà lókè, abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́ 0.3 mm. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ní táńkì lítà 3, gééjì sì wà ní 40 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́). Ère Warhammer oníke (ère kékeré tí wọ́n fi ń ṣeré orí tábìlì), 28 mm, ni mo fẹ́ kùn. Ọ̀dà Vallejo Model Color ni, omi ẹ̀rọ ni mo fi ń là á, ìlàjì omi, ìlàjì ọ̀dà.

Tí mo bá sún mọ́ ère, ọ̀dà á ya kiri bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Tí mo bá jìnnà sí i, ojú ère á rí ṣákiṣàki bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i. Kò sì ní tó ìṣẹ́jú 5 tí imú rẹ̀ á ti dí. Lónìí, ọ̀dà inú ife tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi ọṣẹ. Ṣé irinṣẹ́ ló bàjẹ́ ni, àbí ọwọ́ mi?

ỌdàTóLà:

Irinṣẹ́ yín kò bàjẹ́, àfi bóyá ti híhó yẹn. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó mọ inú rẹ̀ jù mí lọ.

40 psi yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Àwọn tó ń fi airbrush ya àwòrán sára ẹ̀wù ló nílò afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fún ère 28 mm, 15 sí 20 psi ti tó. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń jáde ni kí ẹ ka gééjì. Tí ẹ ò bá tẹ nǹkan kan, iye tí gééjì máa sọ á ju èyí tó ń dé imú airbrush lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀, kí ẹ máa yí régúlétọ̀ títí abẹ́rẹ́ gééjì á fi dúró ní 18. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni omi. Omi nìkan kì í tẹ́ sójú ike, ṣe ló máa ń kó ara rẹ̀ jọ. Tó bá sì pọ̀ jù, gọ́ọ̀mù inú ọ̀dà kò ní lè di àwọ̀ mú mọ́. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ aláǹtakùn ti ń wá: ọ̀dà ṣàn jù, ọwọ́ sún mọ́ ọn jù, afẹ́fẹ́ sì ń gbá adágún kékeré yẹn káàkiri. Ẹ lo thinner (ohun tí a fi ń la ọ̀dà) tí Vallejo ṣe fún airbrush, pẹ̀lú flow improver (èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀dà ṣàn, tí kì í jẹ́ kó tètè gbẹ) díẹ̀. Ẹ kán thinner 10 sínú ife, ẹ kán flow improver 2, lẹ́yìn náà kí ẹ wá kán ọ̀dà 10 lé e. Kí thinner ṣáájú o. Tí ọ̀dà bá ṣáájú, èyí tó ki á rì lọ sídìí ife, á jókòó sí ẹ̀yìn imú, thinner kò sì ní dé ibẹ̀ mọ́.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó rò ó, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì náà fa ọ̀dà gun ara ife. Tó bá ṣàn padà bíi mílíìkì, tó fi àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, ó tó. Tó bá ń wọ́ bí ẹ̀kọ mímu, ẹ kán thinner 2 kún un. Tó bá sá wálẹ̀ bí omi orí ògì, tí ibi tó gbà kọjá kò ní àwọ̀ kankan, ọ̀dà ló kù tí ẹ máa fi kún un. Ẹ má sọ iye tí mo kọ yìí di òfin: funfun àti yẹ́lò sábà máa ń ki ju dúdú lọ. Model Air, ọ̀dà Vallejo tí wọ́n ṣe fún airbrush, ní tirẹ̀, wọ́n ti là á láti ilé iṣẹ́, àmọ́ thinner méjì-mẹ́ta sí ọ̀dà mẹ́wàá kì í pa á lára tí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ 0.3.

Ojú ṣákiṣàki yẹn, ọyẹ́ àti 40 psi ló jọ ṣe é. Ọ̀dà ti gbẹ lófuurufú kó tó balẹ̀, eruku lásán ló dé ara ère. Ẹ dín afẹ́fẹ́ kù, kí ẹ dúró ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba tínà lọ́wọ́ àwọn tó ń fín ọ̀dà mọ́tò torí pé ti Vallejo wọ́n lọ́jà. Ó ń sọ Vallejo di kókó, ó sì ń jẹ ike. Tamiya, ilé iṣẹ́ ọ̀dà mìíràn, nìkan ni kí ẹ yọ sẹ́yìn, torí ọtí wà nínú ọ̀dà olómi tiwọn. X-20A, thinner tiwọn, ni wọ́n ṣe fún un.

Àgbà_Kọ̀mpírẹ́sọ̀:

Ẹ kú àlàyé, ỌdàTóLà. Ó ku híhó.

Tí ife bá ń hó, afẹ́fẹ́ ti ṣìnà nìyẹn. Iwájú ló yẹ kó gbà jáde, ó wá ń gba inú imú, ìyẹn nozzle, padà sínú ife. Ẹ da ọ̀dà nù, ẹ bu omi sínú ife, kí ẹ tẹ afẹ́fẹ́ nìkan láìfa bọ́tìnnì sẹ́yìn. Tó bá hó báyìí, ìdí imú kò dì dáadáa tàbí kí ìdérí iwájú má le. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ fà sẹ́yìn nìkan ló ń hó, ọ̀dà gbígbẹ ló dí ihò ìdérí iwájú, tàbí kí imú ti sán. Imú tó sán kò ní àtúnṣe, ẹ ra òmíràn.

Kí ẹ tó tú imú, ẹ kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́. Spánà kékeré tó bá a wá ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ fi ọwọ́ yí i títí á fi dúró, kí ẹ wá fi spánà kàn án bíńtín, kò gbọdọ̀ tó ìdá mẹ́jọ àyíká kan. Irin yẹn kò ju orí ìṣáná lọ. Ẹni tó bá fún un bí ẹni ń de nọ́ọ̀tì táyà, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á kán sínú ara airbrush, owó ńlá sì ni yíyọ rẹ̀. Tó bá tún ń hó díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìda oyin tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ pa tírẹ́ẹ̀dì náà, irú ìda tí àwọn tó ń rọ ère idẹ máa ń lò. Kò gbọdọ̀ kan ihò. Téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ti nípọn jù fún un.

Ní ti dídí, ọ̀dà olómi á máa gbẹ sórí abẹ́rẹ́ ṣáá, pàápàá nínú ọyẹ́. Ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kan sínú flow improver, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa fi nu ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi bọ́tìnnì sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀, ẹ da ìyókù nù, ẹ fi omi ṣan ife lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fín cleaner (omi ìfọ airbrush) sínú tíṣù títí á fi jáde láìláwọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi tíṣù bo iwájú, kí ẹ tẹ̀ kí ẹ sì fà díẹ̀: híhó tí ẹ bá rí nígbà yìí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó ń ti ìdọ̀tí padà sínú ife. Tí iṣẹ́ bá parí pátápátá, ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ nù ún láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, kí ẹ máa yí i bí ẹ ṣe ń nù ún. Tí ẹ bá nù ún láti ṣóńṣó bọ̀, abẹ́rẹ́ á tẹ̀, á sì gún yín. Ẹ má ri odidi airbrush sínú cleaner kó sùn mọ́jú, rọ́bà inú rẹ̀ á wú.

Fún ẹni tí iná ibùgbé rẹ̀ kò dúró: irú kọ̀mpírẹ́sọ̀ yìí sábà máa ń dá ara rẹ̀ dúró ní nǹkan bíi bar 4 (bíi 58 psi). Tí iná bá lọ nígbà tí táńkì lítà 3 kún, láti bar 4 wá sí bar 1, lítà afẹ́fẹ́ 9 péré lẹ ní. Ìyẹn lè má tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe fi parí àwọ̀ tó kù lára ère; ẹ da ọ̀dà nù, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ yẹn ṣan imú kó tó gbẹ mọ́ ọn nínú. Tó bá sì jẹ́ ínfátà ló ń gbé e, èyí tí iná rẹ̀ jẹ́ pure sine wave (tó ń lọ geere bí iná ìjọba) ló sàn. Lórí ínfátà tí kò wọ́n, mọ́tò kọ̀mpírẹ́sọ̀ máa ń gbóná, ó sì máa ń kùn.

Ike_àti_Àwọ̀:

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀rọ tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà kò lè ṣiṣẹ́ yìí? Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Àgbà_Kọ̀mpírẹ́sọ̀:

Ó lè ṣe é, àmọ́ ó lè kọjá 100 psi, nítorí náà régúlétọ̀ tó dáa ṣe pàtàkì. Òróró enjini wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Tí kò bá sí fílítà, òróró á bá afẹ́fẹ́ jáde, ọ̀dà á sì máa sá kúrò lójú ibi tó bá bà lé, ihò róbótó-róbótó lẹ máa rí. Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ará ilé ló máa dá ẹjọ́ yẹn.

Nígbà òjò, yálà kọ̀mpírẹ́sọ̀ ńlá ni tàbí kékeré, ẹ tú ìdè abẹ́ táńkì lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí omi jáde. Omi tó bá gba inú rọ́bà afẹ́fẹ́ lọ á kán sórí ère nígbà tí ẹ kò rò ó tì.

Ọwọ́_Ló_Ń_Kọ́ṣẹ́:

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ dáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìka. Àbúrò, afẹ́fẹ́ ló ń ṣáájú, afẹ́fẹ́ ló ń kẹ́yìn. Tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, kí o wá fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Tí o bá fẹ́ dúró, tì í padà síwájú ná, kí o tó gbé ìka kúrò. Ẹni tó bá gbé ìka nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ti fi ẹ̀kán ọ̀dà sílẹ̀ sẹ́nu imú, èyí ló máa tu sójú ère nígbà tó bá tún tẹ̀ ẹ́.

Fa ìlà òòró àti ìlà ìbú sínú bébà, sẹ̀ǹtímítà kan sí ara wọn. Dúró ní sẹ̀ǹtímítà 2, fín ẹyọ àmì kan sí gbogbo ibi tí ìlà ti pàdé, kí gbogbo wọn tóbi bákan náà. Lẹ́yìn èyí, so wọ́n pọ̀. Ọwọ́ ni kó máa lọ kí ọ̀dà tó jáde, kí ọ̀dà sì dáwọ́ dúró kí ọwọ́ tó dúró. Tí bébà bá tutù tó ń dán, o ti dúró lójú kan jù. Èmi kò fara mọ́ 18 psi fún èyí: fún ìlà tín-ín-rín, la ọ̀dà sí i, kí o sọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀ sí 12 psi.

Tó bá di ère gan-an, fi Vallejo Surface Primer dúdú (pràímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀) kùn ún yí ká, láti sẹ̀ǹtímítà 10. Má fi omi là á. Pràímà ki, nítorí náà abẹ́rẹ́ 0.4 tàbí 0.5 rọrùn fún un ju 0.3 lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn, kí o fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Tó bá dà bí pé ó ti gbẹ lẹ́yìn wákàtí kan, má tàn ara rẹ, ó ṣì ń bó bí èèpo. Lẹ́yìn náà fín àwọ̀ eérú láti òkè, ní ìdagẹ̀rẹ̀ ìgun 45, kí o fín funfun láti orí tààrà, ìwọ̀nba. Ojú rẹ á rí ibi tí oòrùn ì bá bà lé àti ibi tí òjìji wà, àwọ̀ tó bá sì fẹ́lẹ́ tí o bá fín lé e kò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Bomú. Ọ̀dà olómi náà ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. N95 tó fún èyí. Tó bá jẹ́ ọ̀dà lacquer (èyí tí wọ́n fi tínà kẹ́míkà pò), ìbòmú tó ní kátíríìjì fún òórùn kẹ́míkà ni. Fáànù kò gbọdọ̀ fẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ, kó fẹ́ jáde lójú wíńdò. Nínú ọyẹ́, máa bo ère mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ike róbótó bí o bá ti fín in tán, torí eruku tó ń gba ojú wíńdò wọlé máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tutù.

Abẹ̀rẹ̀_Ìlọrin:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Imú ló tú. Ó ti dì báyìí, kò hó mọ́. Ní 16 psi, ẹsẹ̀ aláǹtakùn ti lọ. Ohun kan ló kù: ìlà kì í lọ tààrà, apá òsì ló máa ń gbà.

Àgbà_Kọ̀mpírẹ́sọ̀:

Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ti tẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, kí ẹ máa yí i: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà yọ lábẹ́ rẹ̀ ló ti tẹ̀. Ẹ dì í mú ní ìdagẹ̀rẹ̀ sórí gíláàsì náà, kí ẹ máa fà á sẹ́yìn, kí ẹ sì máa yí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi bébà oníyanrìn 2000 parí rẹ̀ lọ́nà kan náà. Ẹ wọ́ ọ kọjá lórí tíṣù: tó bá ṣì ń já òwú, kò tíì tọ́. Tó bá ti kọ́ bí ìwọ̀ ẹja, ẹ má ṣe tì í padà sínú imú, torí ó máa la ihò náà. Abẹ́rẹ́ tuntun 0.3, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti imú mu, ni kí ẹ rà.