Wọ́n ní àwọn máa yọ táàsì owó oṣù kúrò ní ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà: ta ló máa jèrè ẹ̀?

Ìyá Ìbejì (Georgia): Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Àwọn olóṣèlú ibí ní àwọn á máa fa táàsì owó oṣù ti ìpínlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní sí mọ́, gbogbo èèyàn níbi iṣẹ́ wa ló ń yọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) ni mò ń ṣe, èmi àti àwọn ìbejì nìkan, màmá mi tó ti lé ní 70 náà wà lọ́dọ̀ mi. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá irú èyí máa ṣe òun láǹfààní?

Ẹ̀gbọ́n Decatur: Ìyá Ìbejì ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ gbé táàsì tí ẹ fáìlì sílẹ̀ síwájú yín kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ní 2025, 5.19% ni Georgia ń gbà lọ́wọ́ olówó àti mẹ̀kúnnù. Ká ní 30,000 dọ́là lẹ pa lọ́dún, ẹ yọ 12,000 standard deduction (iye tí wọn kì í gba táàsì lórí ẹ̀), ẹ yọ 4,000 4,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó ku 10,000, táàsì tó wà lórí ẹ̀ ò ju 519 dọ́là lọ. Gbogbo èrè yín nìyẹn tó bá di òdo. Tọkọtaya nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ pa 160,000, táwọn náà lọ́mọ méjì, tiwọn á lé ní 6,600. Màmá ńkọ́? Georgia kì í gba táàsì lórí Social Security (owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba àpapọ̀ ń san), ẹni tó bá sì ti pé 65, wọ́n máa ń fojú fo owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ títí dé 65,000. Kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ yọ fún Màmá níbẹ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀ táàsì owó oṣù yìí tó nǹkan bí ìdajì owó tó ń wọlé fún ìpínlẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ rí i níbòmíì tàbí kí wọ́n dín owó ilé ìwé àti Medicaid (ìtọ́jú ìlera tí ìjọba ń san fún àwọn tí owó wọn ò tó) kù. Tó bá jẹ́ táàsì ọjà ni wọ́n gbé lé, 4% ni ti ìpínlẹ̀ báyìí kí kaúńtì tó fi tiwọn kún un. Ká ní ó di 8%, tẹ́ ẹ bá ti ra ọjà 13,000 lọ́dún, 4% tí wọ́n fi kún un nìkan ti gba 520 dọ́là, 519 yẹn ti parẹ́. Màmá náà á sì máa san án.

Bùrọ̀dá Houston: Òótọ́ pọ́ńbélé. Texas ò gba táàsì owó oṣù, wọ́n tiẹ̀ ti fi òfin dè é ní 2019, àmọ́ táàsì ọjà ibí jẹ́ 8.25% tí tìlú bá ti kún un (oúnjẹ tútù ò sí nínú ẹ̀ ṣá), táàsì ilé ló wá ń pa wá lẹ́kún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilé níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù homestead exemption (ẹ̀dínwó táàsì fún ilé téèyàn ń gbé fúnra ẹ̀) lọ́wọ́ appraisal district (àwọn tó ń díye lé ilé) yín, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó fún àwọn tó ń kọ lẹ́tà pé àwọn máa bá yín ṣe é. A dìbò sí i ní November 2025, wọ́n ń yọ 140,000 kúrò nínú iye ilé kí wọ́n tó ṣírò táàsì school district (ti ilé ìwé). Tí iye tí wọ́n fún ilé yín bá pọ̀ jù, ẹ tètè protest (ẹ kọ̀wé tako iye náà), May 15 ló sábà máa ń parí. Ẹni tó ń rẹ́ǹtì ò ní exemption kankan o, lándílọ́ọ̀dù á kàn dà á pọ̀ mọ́ owó ilé ni.

Àǹtí Wichita: Ẹ tún wo ti Kansas. Gómìnà Brownback fọwọ́ sí i ní 2012, táàsì àwọn tó ń pawó jù já láti 6.45% sí 4.9%, ẹni tó ní LLC (irú iléeṣẹ́ aládàáni kan) ò wá san nǹkan kan fún ìpínlẹ̀ lórí èrè ẹ̀, àwa tá à ń gba owó oṣù là ń san. Owó ìpínlẹ̀ gbẹ, wọ́n wá fi kún táàsì ọjà ní 2015, ó di 6.5%, tòun ti búrẹ́dì àti mílíìkì. Ní 2017 làwọn aṣòfin tó fagi lé e, gómìnà ò fẹ́, wọ́n fi ìbò borí ẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Ìyá Ìbejì (Georgia): Ha, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n green card ni mo ṣì ń lò, ṣé mo lè sọ̀rọ̀ sí i?

Ẹ̀gbọ́n Decatur: Ẹ má dìbò o, ẹ má sì forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ó lè ba citizenship yín jẹ́. Àmọ́ ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti pe aṣòfin àdúgbò yín. Ẹ bi í pé níbo ni fiscal note (ìwé tó ṣírò iye owó tó máa ná ìpínlẹ̀) bíìlì náà wà, táàsì wo ló máa dípò èyí tí wọ́n yọ, ṣé ó máa kan oúnjẹ. Tó bá ní àwọn ò tíì mọ̀, ẹ ní kó kọ orúkọ yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.