Re: "Ẹ̀dá ìdíje" àti "ayọ́kẹ́lẹ́ asáré": èmi ò fara mọ́ ọn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ lórí orúkọ Yorùbá tá a máa pe àwọn mọ́tò tí òyìnbó ń pè ní "sports car", bíi Porsche àti Ferrari, mo kàn dákẹ́ ni, àmọ́ nígbà tí àbúrò wa tó wà ní Òmù-Àrán wá kọ ọ́ pé ká máa pe èyí tí wọ́n ń gùn lójú títì ní "ayọ́kẹ́lẹ́ asáré", ká sì pe èyí tí wọ́n fi ń díje ní "ẹ̀dá ìdíje", inú bí mi.

Àbúrò, ohùn yẹn ńkọ́? Ẹ̀dá lo kọ. Ẹ̀dá ni èmi àti ìwọ, ewúrẹ́ náà ẹ̀dá ni. Ẹ̀dà lo fẹ́ kọ, ohùn ìsàlẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn tó kọ́ wa lédè kò ní gbà á lọ́wọ́ wa rárá. Àní tó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà náà, kò bá a mu, torí nǹkan kan gbọ́dọ̀ ti wà kó tó di pé a da ẹ̀dà ẹ̀ kọ. Porsche 911 GT1 tó gba ife Le Mans, ìje mọ́tò oníwákàtí mẹ́rìnlélógún ní Faransé, ní 1998, orí ìje ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òfin ìje ló jẹ́ kí wọ́n ṣe ti ojú títì, èwo wá ni ẹ̀dà níbẹ̀?

Ti Ferrari 250 GTO tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1962, òfin FIA, àjọ tó ń darí ìdíje mọ́tò lágbàáyé, ní kí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi irú mọ́tò yẹn díje ṣe 100, 36 péré ni Ferrari ṣe, wọ́n ní kì í ṣe mọ́tò tuntun, 250 GT àtijọ́ náà ni, ara ẹ̀ nìkan làwọn pààrọ̀. Ṣé ẹ rí i? Lórí pé ẹ̀dà ni àbí òun fúnra ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, tá a bá wá fi "ẹ̀dà" sínú orúkọ, a ti dá ẹjọ́ fún Ferrari nìyẹn!

Ayọ́kẹ́lẹ́ ńkọ́? Ẹ wo "yọ́" inú ẹ̀. Ẹni tó ń yọ́ lọ kì í pariwo. Porsche 911 GT3 tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń yí nígbà 9,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ibo ló fẹ́ yọ́ lọ tí ará àdúgbò ò ní jí?

Alàgbà wa láti Ọ̀fà ní ká pè é ní bọ̀gìnnì, pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí àwọn kan nínú wa tó dáyé, pé Yorùbá Ìlọrin ti lú mọ́ Haúsá. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, mo mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n owó àti ẹwà ni bọ̀gìnnì ń sọ, jíìpù olówó ńlá tí kò lè sáré náà bọ̀gìnnì ni. Ní ti Ìlọrin, ẹṣin legúngún ilé wa, a sì mọ̀ pé ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọmọ ọba níjọ́ Iléyá kì í ṣe ẹṣin ìje. Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn: ọkọ̀ eléré ni ti ojú títì, ọkọ̀ ìje ni ti pápá, ó parí.

Àwọn àgbà wa kì í tú orúkọ òyìnbó, nǹkan náà ni wọ́n máa ń wò. Volkswagen tí Ferdinand Porsche ṣe, wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n pè é ní Ìjàpá, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè é ní Jámánì.

Ẹni tó ní ká pe 911 ní "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé mọ́kànlá", ẹ fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ o. 901 ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Peugeot ló ní àwọn làwọn ni nọ́ńbà mẹ́ta tí òdo wà láàárín ẹ̀ ní Faransé, bíi 404 wọn, ni Porsche bá yí i sí 911 ní 1964. Orúkọ ni, kì í ṣe iye.

Ẹni tó ń kó àwọn ọ̀rọ̀ jọ fún wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi "ẹ̀dá ìdíje" síbẹ̀. Tí eléré bá ń dún bí agbábọ́ọ̀lù létí àbúrò Òmù-Àrán, kó ṣàlàyé ẹ̀, mò ń retí ẹ̀. Kí alàgbà náà sì dáhùn ọ̀rọ̀ jíìpù.