Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹgbẹ́ ska tí a fẹ́ dá sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń dá ẹgbẹ́ ska (orin Jàmáíkà tó ṣáájú rẹ́gẹ́) sílẹ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Kì í ṣe ti Coventry 1979, ti àwọn The Specials, la ń wá, bó tilẹ̀ dùn dáadáa. Ti Kingston ní Jàmáíkà ni, irú èyí tí àwọn Skatalites ń lù ní 1964, tí ẹ ó ti gbọ́ mento (orin ìbílẹ̀ Jàmáíkà) àti jáàsì nínú rẹ̀ ketekete.

Onílù wa ni ìṣòro. Rẹ́gẹ́ ló mọ̀ ọ́n lù. Bí a bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, èmi onígìtá kì í ta okùn lórí iye wọ̀nyẹn, àárín wọn ni mo ń já a sí, tí màá sì yára fọwọ́ pa ohùn rẹ̀. Kí orin tó dé ìdajì, òun á ti fà á sẹ́yìn, gbogbo wa á wá di onírẹ́gẹ́ tipátipá! Báwo ni kó ṣe máa fi ọwọ́ kọ́ra? Ṣé kó gbájú mọ́ èjì àti ẹ̀rin nìkan ni?

Ẹ̀ẹ̀kejì: saxophone kan ṣoṣo la ní. Ṣé ó tó bẹ̀rẹ̀, àbí ká kọ́kọ́ wá ẹni tó ń fọn trombone? Nígbà tí mo bá gbọ́ Don Drummond, ẹni tó ń fọn trombone fún àwọn Skatalites, ó ń ṣe mí bíi pé tiwa ò lè pé láìsí i.